Kí Ẹ Tó Yáwó Ra Ẹran Igbẹ́ Lẹ́ẹ̀rùn Yìí

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn kan bá ìbínú lọ sílé. Mẹ́ta nínú àwọn ìyá wa tí ń ta ẹran igbẹ́ kọ̀wé pé kí ẹgbẹ́ yá àwọn lówó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, ìgbìmọ̀ sì ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù ná. Ni àwọn kan bá ń sọ pé ojúsàájú ni, pé bó bá jẹ́ aláṣọ tàbí onísìmẹ́ǹtì ló bèèrè, kíá la ó ti fọwọ́ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ìgbìmọ̀, owó gbogbo wa ni. Ohun tó mú wa dúró ni a fẹ́ là sílẹ̀ nínú ìwé oṣù yìí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó jẹ́ kí ọmọ kà á sí òun létí.

Ẹran igbẹ́ kì í ṣe ọjà tí a lè lọ kó wá láti Èkó nígbà tó bá wù wá. Ọwọ́ ọdẹ ló ti ń wá, ojú ọjọ́ ló sì ń darí ọdẹ. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, nígbà tí òjò ti lọ, tí ewé ti wọ́, tí iná ti jó pápá, ojú igbó á là. Ọ̀yà kì í rí ibi sá pamọ́ sí mọ́, ẹtu á máa wá omi lọ sí etí odò, ọdẹ náà á sì rí ọ̀nà rìn. Ìgbà yẹn ni ẹran ń pọ̀ lójú ọjà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, koríko á ga, ọ̀nà oko á máa yọ̀, àwọn ọdẹ fúnra wọn á kọjú sí oko ríro. Ẹran á wá wọ́n bí ojú. Ẹ̀yin alájàpá mọ èyí ju àwa tí a jókòó ti ìwé lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé oṣù méjìlá ni a fi ń san ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni ẹran igbẹ́ kò ní ju oṣù márùn-ún tó dára lọ. Ká ní ìyá kan yá ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà (₦120,000) ní ìparí oṣù kẹwàá. Bó bá pín in sí oṣù méjìlá, ₦10,000 ni yóò máa dá padà lóṣù, láìka èlé. Ó dùn-ún gbọ́. Lóṣù kejìlá tí ọjà ń yá, ₦10,000 kò ní ni ín lára, yóò sì fi èyí tó kù ra aṣọ ọdún, yóò san owó iléèwé ọmọ, yóò lọ síbi ìnáwó àwọn àna. Nígbà tí oṣù kẹta bá fi máa parí, ₦50,000 péré ló ti san. ₦70,000 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òjò sì ti dé, ọjà kò sí mọ́. Ìgbà yìí ni onídùúró ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún akọ̀wé.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yáwó ra ẹran igbẹ́, kó ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí oṣù márùn-ún, kó má ṣe é lórí oṣù méjìlá. ₦24,000 lóṣù ni ọ̀kẹ́ mẹ́fà yẹn yóò jẹ́, èlé lọ́tọ̀. Bí ìyá wa bá ro èrè rẹ̀ wò, tó rí i pé kò lè gbé ₦24,000, a jẹ́ pé owó tó fẹ́ yá ló pọ̀ jù. Kó yá ọ̀kẹ́ mẹ́ta, yóò máa san ₦12,000 lóṣù, yóò sì sun oorun. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, “Ṣé owó kékeré la ó fi dúró lọ́jà ni?” Owó kékeré tí a san tán sàn ju ńlá tí wọ́n ń bá onídùúró wí lé lórí.

Ohun kejì tí ìgbìmọ̀ ń wò ni irú ẹran tí ẹ fẹ́ tà, nítorí gbogbo ẹran kọ́ ló ń bí bákan náà. Òkété kì í lóyún ju nǹkan bí oṣù kan lọ, ó sì lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀yà ń lóyún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ọmọ mẹ́rin ni ó sábà ń bí, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹtu: ọmọ kan ṣoṣo ni. Ìgalà náà, ọmọ kan, lẹ́yìn oyún bí oṣù mẹ́fà. Akika, ẹran tí ìpẹ́ bò lára, tó máa ń ká ara rẹ̀ bí òṣùká bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, ọmọ kan ni òun náà máa ń bí, tí yóò sì gbé e sí ìdí ìrù kiri. Tí a bá ń pa ẹtu bí ẹni ń pa òkété, ṣé ẹtu yóò kù? Àwọn ọdẹ àgbà tí a bi léèrè sọ fún wa pé ẹran tí àwọn ń pa lẹ́yìnkùlé nígbà èwe àwọn, ìrìn odidi ọjọ́ kan ni àwọn ń rìn kí àwọn tó kan ojú rẹ̀ nísinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sórí òfin, nítorí ibẹ̀ ni owó ẹgbẹ́ ti lè ṣòfò láàárín wákàtí kan. Ní 1974, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko tó ń run lọ. Ní 1985 ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tirẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Òfin yìí pín ẹranko sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa, kò gbọdọ̀ mú, kò sì gbọdọ̀ tà, bí erin àti ẹkùn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ní ti akika, ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní South Africa, wọ́n sì fi gbogbo oríṣi rẹ̀ sí ìsọ̀rí tí a kò gbọdọ̀ fi ṣòwò kọjá ẹnubodè rárá. Ìpẹ́ rẹ̀ tí àwọn kan máa ń wá ra lọ́wọ́ yín ní owó gọbọi, tí wọ́n ní àwọn ń kó lọ sí òkè òkun, ẹ má bá wọn dá sí i.

Arábìnrin wa kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, kó agbọ̀n ẹran yíyan wọ mọ́tò ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀yà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n akika méjì wà nísàlẹ̀. Wọ́n dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, wọ́n tú agbọ̀n. Akika méjì yẹn ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n gbogbo agbọ̀n ni wọ́n gbé lọ, tòun ti ọ̀yà tí kò ṣẹ̀. Ó bẹ̀, ó sunkún, kò mọ́ wọn lójú. Owó ẹgbẹ́ ló fi ra ọjà náà, ọdún kan àbọ̀ ló fi san án.

Ìwé àṣẹ tún ń da àwọn ènìyàn lójú rú. Ọdẹ kan á ní, “Mo ní láísẹ́nsì,” bẹ́ẹ̀ ti ìbọn ló ní lọ́wọ́. Òfin ìbọn ti 1959 ló béèrè ìyẹn, ìbọn ṣakabùlà pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ìwé àṣẹ láti ní ìbọn kọ́ ni ìwé àṣẹ láti pa ẹran. Ti ẹran, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà. Láti ayé Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ ni òfin ẹranko igbẹ́ ti wà. Nígbà tí wọ́n pín wa sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní 1976, tí Ọ̀ṣun jáde ní 1991, tí Èkìtì jáde ní 1996, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan di ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó bá òfin mu ní Ògùn lè má bá a mu ní Ọ̀yọ́. Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá ń gba ìpínlẹ̀ méjì kọjá, kó lọ bèèrè ní ọ́fíìsì igbó ọba ní ìpínlẹ̀ méjèèjì: irú ẹran wo ni wọ́n fọwọ́ sí, ìgbà wo ni wọ́n fọwọ́ sí i, èló ni ìwé àṣẹ. Kó gba rìsíìtì. Ẹ má gba ti ẹni tó bá ní kí ẹ kó owó fún òun ní ìdí igi.

Igbó ọba tún yàtọ̀ sí igbó lásán. Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé, tí àwọn ará wa ní Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì mọ̀ dáadáa, ti di ti ìjọba àpapọ̀ láti 1991, ilẹ̀ rẹ̀ sì ju 2,500 kìlómítà níbùú lóròó. Kò sí ìwé àṣẹ ọdẹ kankan fún ibẹ̀. Ẹran tó bá ti ibẹ̀ jáde, ẹran olè ni, ẹni tó rà á sì di alábàápín.

A tún ní láti rán ara wa létí ọdún 2014. Ní oṣù keje ọdún náà ni àrùn Ebola wọ Èkó láti ara arìnrìn-àjò kan tó ti Liberia wá. Ogún ènìyàn ló kó o ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, ó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá kí wọ́n tó kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà náà, ta ni ó fẹ́ jẹ ẹran igbẹ́? Ẹran ń bà jẹ́ lórí igbá. Àwọn tó ti yáwó nínú wa kò rí san, onídùúró ló san fún àwọn kan. Láti ìgbà náà ni a kì í ti í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbogbo owó rẹ̀ sórí ẹran igbẹ́ nìkan. Ẹ má sì ra ẹran tí ọdẹ bá bá ní òkú nínú igbó, tí kò ní ojú ìbọn tàbí ojú tàkúté lára. Ó lè jẹ́ àìsàn ló pa á, ó sì lè jẹ́ májèlé.

Àwọn tó ní ọmọ ní Amẹ́ríkà nínú wa ti ń bi wá pé báwo ni tọ̀hún ṣe ń ṣe é, tí ẹran ṣì fi pọ̀ nínú igbó wọn. A mú ìpínlẹ̀ Pennsylvania wò. Láti 1895 ni wọ́n ti ní àjọ kan tó ń mójú tó ẹranko igbẹ́ nìkan, nítorí àwọn ọdẹ ọlọ́jà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àgbọ̀nrín wọn tán. Ó di pé kí wọ́n lọ ra àgbọ̀nrín láti ìpínlẹ̀ mìíràn wá ní 1906 láti fi ṣe irú. Nísinsìnyí ọdẹ ń ra láísẹ́nsì lọ́dọọdún, ó sì ń lo láti ọjọ́ kìíní oṣù keje dé ìparí oṣù kẹfà ọdún kejì. Wọ́n á tẹ ìwé tó sọ ọjọ́ tí a lè pa ẹran kọ̀ọ̀kan, iye tí ẹnì kan lè pa, akọ tàbí abo. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ya ẹ̀yin ìyá wa lẹ́nu nìyí: ọdẹ kò gbọdọ̀ ta ẹran àgbọ̀nrín náà. Kó jẹ ẹ́, tàbí kó fi tọrẹ. A kò sọ pé kí á ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, nítorí òwò àjogúnbá ni fún ọ̀pọ̀ yín. Ṣùgbọ́n àwọn ti jẹ ẹran tiwọn tán lẹ́ẹ̀kan rí kí wọ́n tó gbọ́n, àwa ṣì ní díẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan wà tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí gan-an, ìyẹn ni sísin ọ̀yà. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó múlé tì wá bí a ti ń sìn ín nínú ilé. Akọ kan pẹ̀lú abo mẹ́rin ni a lè fi bẹ̀rẹ̀. Eésún, pòròpórò àgbàdo, ìrèké àti ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má fi akọ àgbà méjì sínú ilé kan, wọn yóò para wọn. Eyín rẹ̀ kì í yé hù, nítorí náà ẹ fún un ní ohun líle tí yóò máa họ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jẹ ilé tí ẹ kọ́ fún un. Abo mẹ́rin, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n nìyẹn, kí a tó yọ èyí tó bá kú. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó dàgbà tó ọjà, ó tó nǹkan bí ọdún kan, tí a bá sì fi oṣù márùn-ún oyún kún un, ẹ rí i pé kò sí owó kankan fún bí ọdún kan àbọ̀. Ìgbìmọ̀ ti gbà pé ẹni tó bá yáwó sin ọ̀yà kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà títí di oṣù kejìdínlógún. Ìpàdé gbogbogbòò ni yóò fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ní ti àwọn ìyá wa mẹ́ta, ọ̀rọ̀ wọn kò tíì kú. Kí wọ́n mú ìwé mìíràn wá, kí wọ́n kọ irú ẹran tí wọ́n fẹ́ rà sínú rẹ̀, ibi tí ọdẹ wọn ti ń pa á, ìwé àṣẹ tí ọdẹ náà ní, àti bí wọn yóò ṣe san owó náà tán kí òjò tó dé. Onídùúró méjì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Fọ́ọ̀mù wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, ìgbìmọ̀ yóò sì jókòó lórí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìpàdé tó ń bọ̀.