Awakọ̀ tó gbá èèyàn tó sá lọ: owó gbà-má-bínú ṣì ń dúró dè é

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ awakọ̀ tó bá gbá ẹlẹ́sẹ̀ lójú títì Herbert Macaulay, ní Sábó, Yábàá, tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló gbà pé ẹjọ́ ọlọ́pàá nìkan ló wà nílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ méjì ni. Ti ìjọba ni àkọ́kọ́, àpò ìjọba sì ni owó ìtanràn rẹ̀ ń lọ. Èkejì ni ti ẹni tó fara pa: ó lè pe awakọ̀ lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú, nítorí owó ọsibítù àti iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni awakọ̀ ń ṣe lọ́wọ́, ọ̀gá náà yóò jẹ́jọ́. Bí ẹni náà bá kú, aya, ọkọ, ọmọ tàbí òbí rẹ̀ lè béèrè.

Sísá lọ tún lè dá kún gbèsè. Lọ́dún 1986, nínú ẹjọ́ Eliochin àti Mbadiwe, tí kì í ṣe ẹjọ́ ọkọ̀, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ẹni tó hùwà ìkà, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ òfin lójú, lè san owó mìíràn kún un láti fi jẹ ẹ́ níyà. Agbẹjọ́rò lè gùn lé èyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ adájọ́ ló wà.

Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ẹ wá ẹlẹ́rìí, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, ẹ tọ́jú rìsíìtì ọsibítù. Ẹ má sì fi falẹ̀: l'Ékòó, ọdún 3 péré ni ẹni tó fara pa ní láti pẹjọ́.