Kí Ló Dé Tí Rósì Itẹ́ Òkú Ń Yè, Tí Rósì Ìsọ̀ Ń Kú?

Wákàtí 7 péré ni. Bí omi bá lè dúró lójú ewé rósì fún ìwọ̀n àkókò yẹn láìgbẹ, àrùn ti ráyè wọlé. Ní ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí gan-an, ìrì òru nìkan tó láti ṣe é, ká má tíì sọ ti òjò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àmì dúdú róbótó-róbótó á yọ lójú ewé. Ewé á pọ́n, á já bọ́, igi á wá dúró ní ìhòòhò bí ẹni tí wọ́n jí aṣọ rẹ̀ gbé lódò.

Black spot ni àwọn olùgbin rósì ń pe àrùn yìí. Kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á. Ẹbí olu ni, Diplocarpon rosae lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá ooru lẹ́bi nígbà tí rósì wọn bá kú. Wọ́n á ní òdòdó òyìnbó ni, kò lè gba oòrùn. Àṣìṣe ni. Ní agbègbè Kashan nílẹ̀ Iran, oòrùn ń mú gan-an, síbẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin rósì láti ayébáyé fún omi olóòórùn dídùn. Ilẹ̀ gbígbẹ sì nìyẹn. Ooru tó bá ọ̀rinrin dọ́rẹ̀ẹ́ ló yẹ ká sá fún, nítorí olu yìí kò lè hù bí kò bá rí omi lójú ewé.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń gbé nílẹ̀ ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ wádìí ìdílé rósì kó tó wo ẹwà rẹ̀, bí àwọn àgbà ṣe ń wádìí ilé ọkọ. Rósì àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, irú gallica àti alba, nílò òtútù gidi kí wọ́n tó lè tanná, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń tanná. Ẹ gbìn wọ́n síbi tí kò ti sí òtútù, ewé lásán lẹ ó máa wò. Ti ilẹ̀ Ṣáínà yàtọ̀. Àwọn rósì tí wọ́n kó láti ibẹ̀ dé Yúróòpù láàárín 1792 sí 1824, irú Old Blush àti àwọn tí wọ́n ń pè ní rósì tíì, ti mọ ooru àti òjò láti ilé wá. Wọn kì í dúró de òtútù. Wọ́n á tanná, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá ba ìlera rósì jẹ́? Àwọ̀ ni. Ní 1900, Joseph Pernet-Ducher, olùgbin rósì ní ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé, gbé rósì kan jáde tó pè ní Soleil d'Or. Inú ẹ̀jẹ̀ rósì ilẹ̀ Páṣíà ló ti rí àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ tó ń dán bíi pupa ẹyin. Kò sí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lára rósì ńláńlá ìgbà náà, gbogbo ayé sì yọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni rósì Páṣíà ti wá. Kò bá olu ja irú ogun yìí rí, kò ní asà lọ́wọ́. Àìlera rẹ̀ bá àwọ̀ náà wọ inú ìran rósì ìgbàlódé, àwọn olórí ńlá tí wọ́n ń ta ní ìsọ̀. Ẹni tó ra àwọ̀ ra gbèsè mọ́ ọn.

Ní Texas, láwọn ọdún lẹ́yìn 1980, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri itẹ́ òkú àtijọ́ àti àwókù ilé oko. Ohun tí wọ́n ń wá ni igi rósì tí ẹni tó gbìn ín ti kú tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò bomi rin, tí ẹnikẹ́ni ò fín oògùn sí, tó sì ń tanná síbẹ̀. Texas Rose Rustlers ni wọ́n pe ara wọn, bí ẹni pé olè ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka kékeré ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin igi pákí. Nígbà tí wọ́n wádìí, ọmọ Ṣáínà àti ọmọ tíì ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n rí. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju báyìí lọ: ooru, òjò àti ìgbàgbé ti yẹ igi wọ̀nyẹn wò fún ọgọ́rùn-ún ọdún, èyí tí kò lè gbà á ti kú.

Ní erékùṣù Bermuda, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ, irú rósì bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ti sọnù. Ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ rósì níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, wá ń fi ibi tí wọ́n ti rí igi sọ ọ́ lórúkọ, bí àwa náà ṣe ń sọ ọmọ ní Abíọ́nà. Smith's Parish jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Yunifásítì Texas A&M sọ ọgbọ́n itẹ́ òkú yìí di ìdánwò gidi, ó sì pe ètò náà ní Earth-Kind. Wọn kì í fín oògùn sí rósì tó wà nínú ìdánwò náà rárá. Wọ́n á fi ajílẹ̀ ewé jíjẹrà tún ilẹ̀ ṣe, wọ́n á fi èpo igi bo ìdí rẹ̀, ó tán. Nínú àwọn tó yege ni Mutabilis, ọmọ Ṣáínà kan tí òdòdó rẹ̀ máa ń là pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, tó ń di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ń pọ́n koko kó tó rẹ̀ dànù. Lójú kan náà lẹ ó rí gbogbo àwọ̀ náà lára igi, bí ẹni pé labalábá bà lé e. Belinda's Dream náà wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò ni Robert Basye tó mú un jáde, kì í ṣe àgbẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ni mo lè gbìn, òun ni mo máa mú, nítorí ó ní olórí ńlá tí àwọn ìyàwó ilé fẹ́ràn, ó sì lágbára.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ni Knock Out, tó jáde ní 2000. William Radler, ará Milwaukee, ló ṣe é, ọ̀nà tó gbà ṣe é sì dùn mọ́ mi. Ó máa ń ṣa ewé tó ti ní black spot jọ, á sá a gbẹ, á lọ̀ ọ́ kúnná, á sì wọ́n ìyẹ̀fun àrùn náà sára àwọn ọmọ igi rẹ̀, á tún fi omi rin wọ́n kí ewé lè tutù. Èyí tó kú, ó kú. Èyí tó yè ló fi bí òmíràn. Síbẹ̀, ẹni tó borí ọ̀tá kan kò tíì borí gbogbo wọn. Nílẹ̀ ooru, àrùn míì tí wọ́n ń pè ní Cercospora máa ń fi àmì sára ewé Knock Out. Èyí tó burú jù ni rose rosette, tí àwọn onímọ̀ rí fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á ní 2011. Kòkòrò tíńtín tí ojú lásán kò lè rí, tí atẹ́gùn ń gbé kiri, ló ń tàn án ká. Kò sóògùn, fífà tu ni. Ẹ má sì bínú sí mi, Knock Out kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Rósì tí èèyàn fi imú sí tí kò gbọ́ nǹkan kan!

Ní Florida, ìṣòro tún wà nísàlẹ̀. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, aràn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sì ń jẹ gbòǹgbò. Wọ́n á wá lọ́ rósì tí wọ́n fẹ́ sórí gbòǹgbò Fortuniana, rósì kan tí Robert Fortune rí ní Ṣáínà ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Gbòǹgbò rẹ̀ tàn káàkiri, ó sì máa ń fara da aràn.

M. S. Viraraghavan, òṣìṣẹ́ ìjọba India tó ti fẹ̀yìn tì, gba ọ̀nà míì ní Kodaikanal. Ó fi Rosa clinophylla, rósì ìgbẹ́ ilẹ̀ India tó lè dúró sínú omi lásìkò òjò, bí àwọn rósì tuntun fún ilẹ̀ ooru. Lójú tèmi, iṣẹ́ rẹ̀ ló sún mọ́ àwa ará Èkó jù, nítorí Houston ṣì ní òtútù tirẹ̀ lóṣù Kìíní. Èkó kò ní.

Ẹ má fi rósì ọjọ́ olólùfẹ́ ṣe ẹ̀rí pé ó rọrùn láti gbìn. Ní Naivasha nílẹ̀ Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti ń gbin rósì tà fún ayé, ilẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 1,880 lókè òkun, òru sì tutù. Ní Èkó, òru kì í tutù, igi kì í rí àyè sinmi, òdòdó a máa là kíákíá, a sì máa kéré. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó wá ọmọ Ṣáínà tàbí ọmọ tíì, kó gbìn ín síbi tí oòrùn àárọ̀ á ti tètè gbẹ ìrì, kó má fún wọn pọ̀, kó sì máa bu omi sídìí, kó má dà á lé ewé lórí.

Èmi náà ra ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà lọ́dún kan, nínú ìkòkò, olórí ńlá. Nígbà tí yóò fi di oṣù Keje, ẹ̀gún nìkan ló kù. Mo padà lọ bá màmá tó tà á fún mi, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ rósì yẹn?”

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. “Rósì pupa ni.”