Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Yunifásítì Fi Pàǹtí Ṣe

Ṣé o mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ya àmì àtúnlò, ìyẹn ọfà mẹ́ta tó ń lé ara wọn kiri lára páálí àti ike? Gary Anderson, ọmọ ọdún 23, ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní University of Southern California lọ́dún 1970 nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe páálí pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìdíje. Tirẹ̀ ló gbégbá orókè.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà tó wà láàárín ọfà náà kò sọ pé wọ́n máa tún ike náà lò? Irú ike tó jẹ́ ló ń sọ. Ìgò omi jẹ́ 1, náílọ́ọ̀nù piọ wọ́tà sábà máa ń jẹ́ 4. Ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, èyí tí ìjọba Èkó fòfin dè lóṣù Kìíní ọdún 2024, jẹ́ 6.

Ṣé o mọ̀ pé omi lásán lè bá ni ṣa ike? Bí wọ́n bá lọ ìgò pọ̀ mọ́ ìdérí rẹ̀ wẹ́wẹ́, tí wọ́n dà á sómi, ìgò á rì, ìdérí á léfòó. Ṣùgbọ́n onínọ́ńbà 3, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù, máa ń rì bíi ti ìgò. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá bá ìgò dé ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, á tú ásíìdì jáde, á sì ba èyí tó dára jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹnu ọ̀nà yàrá akẹ́kọ̀ọ́ gan-an niṣẹ́ ṣíṣa pàǹtí wà. Bébà tí epo dòdò ti rin kò ṣeé fi ṣe bébà tuntun mọ́, bẹ́ẹ̀ ó dára kó tó wọ inú garawa. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn bí wọ́n bá to garawa mẹ́ta sí ọgbà, tí ọkọ̀ kan ṣoṣo wá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fojú rí i, ta ni yóò dá a lẹ́bi bí kò bá ṣà á mọ́?

Ṣé o mọ̀ pé títú pàǹtí ti di ẹ̀kọ́ rí? Lọ́dún 1973, William Rathje, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní University of Arizona, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ láti tú ìdọ̀tí àwọn ará Tucson wò. Iye bíà tí àwọn èèyàn ní àwọn ń mu kò tó iye tí agolo inú pàǹtí wọn ń jẹ́rìí sí. Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ ààtàn ńláńlá. Ìwé ìròyìn tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣì ṣeé kà ketekete! Afẹ́fẹ́ àti omi kò tó níbẹ̀, nǹkan kì í sì í tètè jẹrà. Ẹni tó bá ń sọ pé ilẹ̀ á jẹ bébà, kó rántí èyí. Bébà ló gba àyè jù lọ nínú ààtàn wọ̀nyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2001, yunifásítì méjì ní ìpínlẹ̀ Ohio, Ohio University àti Miami University, fi àtúnlò pàǹtí bára wọn díje? Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-ẹ̀kọ́ ló ti dara pọ̀ mọ́ ìdíje náà láti ìgbà yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ní MIT, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni Bilikiss Adebiyi-Abiola ti ń kàwé nígbà tó ronú kan Wecyclers, ilé-iṣẹ́ tó ń kó pàǹtí jọ fún àtúnlò? Ọdún 2012 ló dá a sílẹ̀ l'Ékòó. Níbẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń wọn ike àti agolo tí onílé ti ṣà kalẹ̀, máàkì rẹ̀ sì ń wọlé sórí fóònù, tí onílé lè fi gba nǹkan ìlò.