Ta Ló Ni Yaa Amponsah?

Ní ọdún 1928, ọkùnrin mẹ́ta wọkọ̀ ojú omi láti Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n forí lé Lọ́ńdọ̀nù. Jacob Sam ni olórí wọn. Kwame Asare ni orúkọ tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń pè é. H. E. Biney àti Kwah Kanta ni àwọn méjì yòókù. Ọmọ Fante láti Cape Coast ni Sam, ṣùgbọ́n ìlú Asantehene, ọba àwọn Asante, ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ wọn lórúkọ: Kumasi Trio. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Zonophone ló gba orin wọn sínú àwo, àwọn kan náà tó gba ti Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, ní 1922.

Atukọ̀ Kru, ará Làìbéríà, ló kọ́ Sam ní gìtá. Àwọn Kru ló ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ káàkiri etíkun wa, ibi tí wọ́n bá sì gúnlẹ̀ sí ni gìtá ń bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìka méjì péré ni wọ́n fi ń ta á: àtàǹpàkò ń gbé ìsàlẹ̀ orin dúró, ìka ìfábẹ̀lá ń fi ohùn òkè dá a lóhùn. Ọ̀nà yìí ni Sam gbà ta Yaa Amponsah, orin ọkùnrin tí òun àti arẹwà obìnrin kan ti kọ ara wọn sílẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ìfẹ́ má tán. Àwo ìgbà yẹn kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú kan, nítorí náà wọ́n pín orin náà sójú méjì.

Owó kòkó ló jẹ́ kí gírámófóònù dé abúlé nígbà náà, àwo sì ń tà. Títa gìtá yẹn di ìpìlẹ̀ háíláìfù; Kwaa Mensah, ọmọ ìyá tàbí bàbá Sam ló bí i, gbé e dé ìran tó tẹ̀ lé e.

Ní 1990, Paul Simon ará Amẹ́ríkà lo ohùn orin Yaa Amponsah nínú orin rẹ̀ "Spirit Voices," ó sì fi owó ránṣẹ́ sí Gánà. Ìjọba ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ìlú ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti bójú tó irú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2005 sì mú kí ọmọ Gánà fúnra rẹ̀ máa gba àṣẹ kó tó lò ó.

Èmi ò fara mọ́ ọn pé kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí orin náà bá tilẹ̀ ti wà lẹ́nu ará ìlú tẹ́lẹ̀, ìka tó gbé e dé etí ayé ní orúkọ. Ẹ̀yin olóòtú rédíò wa, nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ fi Yaa Amponsah sétí aráyé, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ Sam, Biney àti Kanta.