Ọmọ Iṣẹ́ Tí A Kò Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sílẹ̀, Ìjọba Kò Lè Kà Á

Ní ìpàdé tí a ṣe kọjá ní Ìgbàrà-Òkè níbí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ó ń ránṣọ dìde, ó ní òun ní ìbéèrè. Ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ni ó wà lọ́dọ̀ òun. Òun ń kọ́ wọn, òun ń fún wọn lóúnjẹ ọ̀sán, bí ara wọn kò bá sì yá, òun náà ni òun ń ra oògùn. Ó wá ní, "Gbogbo ìgbà ni a ń gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ń ran ẹni tó bá gba ọ̀dọ́ síṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń fún?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé tí a tún ọ̀rọ̀ náà rò, a rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìdí nìyẹn tí a fi wá ìdáhùn rẹ̀, tí a sì gbé e sójú ìwé yìí.

Ohun tí ìjọba ti ṣe

Kí a sọ òtítọ́, kì í ṣe pé ìjọba ò ṣe nǹkan kan rí. Ní 1971, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Gowon, ni wọ́n dá Industrial Training Fund sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ITF. Jos ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, ó sì ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún. Bí ó bá wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ síwájú sí i ní ọ̀nà tí àjọ náà fọwọ́ sí, ó lè gbà tó ìdajì owó tí ó san padà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹni tí ó ní ilé búrẹ́dì bá ní òṣìṣẹ́ 5, tí ó ń san ₦70,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, ₦4,200,000 ni gbogbo rẹ̀ lọ́dún. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦42,000. Èyí tí ó lè padà sọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ₦21,000 lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òṣìṣẹ́ tí ó ń gba owó oṣù ni ó wà fún.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni àjọ NDE, tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida dá sílẹ̀ ní 1986, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, nígbà tí àìríṣẹ́ṣe ti ń da àwọn ọ̀dọ́ láàmú káàkiri. Àwọn yìí kò kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ńlá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ọ̀gá tí ó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n mú ọ̀dọ́ lọ, lọ́dọ̀ káfíńtà, mẹkáníìkì, télọ̀ àti àwọn ajórin. Wọ́n ń fún ọmọ iṣẹ́ ní àjẹmọ́nú díẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n sì ń fún ọ̀gá ní owó ìkọ́ni. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, nítorí pé ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń kọ́ṣẹ́ náà ni. Ibi tí ó kù sí ni pé owó àjọ náà kì í tó gbogbo ẹni tí ó nílò rẹ̀.

Ní 2012, ìjọba àpapọ̀ tún pàṣẹ kan nípa owó orí ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá gba ènìyàn tuntun tó 10, tí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò ṣiṣẹ́ rí, tí wọn kò sì tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ọwọ́, ni wọ́n ní àwọn yóò dín owó orí rẹ̀ kù. Ọdún díẹ̀ ni wọ́n dá fún àṣẹ náà, ó sì ti kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ta ni nínú wa ní Ìgbàrà-Òkè ni ó gba ènìyàn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹni tí kò san owó orí ilé-iṣẹ́, kí ni wọn yóò dín kù fún un?

Èyí tí ó dé ẹnu ọ̀nà wa

Lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti ọjà pa ní 2020, ìjọba mú ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Survival Fund. Èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn wá. Fún ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí ó yege, oṣù mẹ́ta ni ìjọba yóò fi bá a san owó òṣìṣẹ́, láti ₦30,000 títí dé ₦50,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ti wọn, ₦30,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n tún ní àwọn yóò forúkọ ilé-iṣẹ́ 250,000 sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC láìgba kọ́bọ̀.

Kí ni àwa ṣe? Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Ìròyìn náà dé etí wa, a jókòó sí ìpàdé, a ní, "Àwọn ará Èkó àti Àbújá ni wọn yóò fún." Nígbà tí àwọn kan nínú wa fi máa dìde, ọ̀kan kò ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, èkejì kò kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ rí, ẹ̀kẹta ń san owó oṣù lọ́wọ́-lọ́wọ́, kò sí ìwé kankan tí ó lè fi hàn. Ìlẹ̀kùn sì tì. A kò lè di ẹ̀bi yẹn ru ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀

Ọ̀rọ̀ náà wá yé wa báyìí. Bí ìjọba bá fẹ́ ṣèrànwọ́, ìwé owó oṣù ni wọ́n ń wò. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀dọ̀ wa kò sí nínú ìwé owó oṣù. Kì í gba owó, òbí rẹ̀ ni ó tilẹ̀ ń san owó fún ọ̀gá. Nítorí náà, lójú ìjọba, ìyá wa tí ó ń kọ́ ọmọ mẹ́rin níṣẹ́ kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́. Gbogbo wàhálà rẹ̀, àfi bí ẹni ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ní ilẹ̀ Jámánì, ọmọ iṣẹ́ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì tún ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ọ̀gá sì ń fún un lówó díẹ̀ lóṣù. Bí ti Jámánì bá jìnnà, ẹ wo Bìní tí ó pààlà pẹ̀lú wa. Níbẹ̀, ètò kan wà tí ọmọ iṣẹ́ fi ń wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tí ó sì ń gba ẹ̀kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ó bá parí, ìdánwò wà, ìwé ẹ̀rí ìjọba sì wà. Orúkọ ọmọ àti orúkọ ọ̀gá ti wà lákọsílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ohun tí a ń pàdánù. Àwọn ọmọ wa kì í dúró parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́. Wọ́n á lo oṣù mẹ́fà, wọ́n á lọ máa gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà, tàbí kí wọ́n wọkọ̀ lọ sí Èkó. Ṣọ́ọ̀bù ajórin tí ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ tẹ́lẹ̀, ọ̀gá nìkan ni ó kù síbẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí bá lọ tán, ta ni yóò jogún iṣẹ́ náà?

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe

Ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, ìgbìmọ̀ yóò gbé ohun mẹ́rin síwájú yín kí ẹ fọwọ́ sí i. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ní ìwé ńlá kan tí a ó máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ iṣẹ́ sí, ọjọ́ tí wọ́n dé àti ọjọ́ tí wọ́n gba òmìnira. Èkejì, kí olúkúlùkù tí ó ní òṣìṣẹ́ máa kọ owó tí ó ń san sílẹ̀, kí ẹni tí ó gbà á sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ yá àwọn tí kò ní ìwé CAC lówó kékeré láti fi forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ènìyàn méjì lọ sí ọ́fíìsì NDE àti ti ITF ní Àkúrẹ́ ní orúkọ gbogbo wa, kí wọ́n sì padà wá jíṣẹ́. Ọkọ̀ ẹni kan lọ sí Àkúrẹ́ wọ́n ju kí gbogbo wa dá owó ọkọ̀ ẹni méjì.

Ìkìlọ̀ kan kù. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé kí ẹ mú owó wá kí òun lè bá yín gba fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà wá sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

A kò lè ṣèlérí pé ìrànwọ́ yóò dé lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún dé, kí ó má ṣe bá wa lórí ìjókòó. Ìyá wa aránṣọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìbéèrè yẹn. Orúkọ àwọn ọmọ mẹ́rin tí ó wà lọ́dọ̀ yín ni a fẹ́ kí ó kọ́kọ́ wọ ìwé náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó dọjọ́ ìpàdé.