Kókó Kékeré Nínú Ọmú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ojú-ewé ẹbí lóṣù yìí jẹ́ èyí tí àwọn obìnrin wa máa ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ ọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ ọmú ni. Kí àwọn bàbá jọ̀wọ́ má ṣe ṣí ojú-ewé yìí kọjá. Ẹ ó rí i pé ó kàn yín.

A mọ ìyá kan ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kétu, gààrí ni ó ń ṣe, ọmọ márùn-ún ni ó sì bí. Ní ọjọ́ kan tí ó ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú òsì. Ó le bí èkùrọ́, kò sì dùn ún. Nítorí pé kò dùn ún, ó ró aṣọ rẹ̀, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí eyín ń dùn yóò wá oògùn lóru, ṣùgbọ́n ta ni yóò ná owó mọ́tò nítorí ohun tí kò dùn ún? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni jẹjẹrẹ ọmú sì máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni.

Nígbà tí kókó náà ń tóbi, ó lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ní wàrà ni ó dì nínú ọmú, kí ó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ó ti gba ọmú lẹ́nu àbíkẹ́yìn rẹ̀! Aládùúgbò kan ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ẹlòmíràn bá a wá ewé gbígbóná, wọ́n dì í mọ́ ọn. A kò fi ewé àti egbò wa ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n èyí bó o lára, ó sì tún gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ni ó tú àṣírí náà, nígbà tí ó rí i pé kò fi apá òsì fún gààrí mọ́.

“Ìyàwó wa, kí ni ò ń fi pamọ́ fún wa?”

“Kò sí nǹkan, ọkọ mi. Ẹ má ṣèyọnu.”

“Bí kò bá sí nǹkan, jẹ́ kí n wò ó.”

Wọ́n wọ inú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì wà nínú tasín tí ń lọ sí Kútọnu.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa àrùn náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 2.3 obìnrin ni a rí i lára wọn káàkiri ayé, nǹkan bí 670,000 sì kú. Kì í ràn. Kò mọ olóòótọ́, kò mọ oníwàkiwà; nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ń ṣe ni kò ní ohun kan tí a lè tọ́ka sí ju pé wọ́n jẹ́ obìnrin, ọjọ́ orí wọn sì ti ń lọ. Ó tilẹ̀ ń mú ọkùnrin pẹ̀lú, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Yorùbá tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó lọ ṣiṣẹ́ ní Chicago, ti ṣe ìwádìí ọdún púpọ̀ lórí bí àrùn yìí ṣe ń tètè mú àwọn obìnrin tí ó ti ilẹ̀ Áfríkà ṣẹ̀, tí ó sì ń le lára wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì pé ẹni 50 ọdún.

Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe aládùúgbò. Bí kókó bá wà nínú ọmú tàbí lábẹ́ abíyá, bí awọ ọmú bá rí bí èèpo ọsàn, bí orí ọmú bá wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí oṣù yẹn tán. Wọ́n á mú díẹ̀ nínú ẹran kókó náà lọ wò. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń béèrè lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè ni pé kí ó má ju 60 ọjọ́ lọ kí a tó mọ àrùn obìnrin tí ó bá wá dájú.

Ní ti ìyá wa yìí, wọ́n gé ọmú náà, wọ́n sì ń fa oògùn sí i níṣan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ìgbà mẹ́fà. Ọ̀nà náà ju 100 kìlómítà lọ. Ibí yìí ni àwọn obìnrin abúlé náà ti ṣe ohun tí a kò lè gbàgbé. Ẹgbẹ́ èsúsú wọn gbé owó tí ó yẹ kí ó kàn án lọ́dún tí ń bọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Wọ́n pín ìrìn-àjò náà láàárín ara wọn, kò lọ Kútọnu ní òun nìkan rí. Ẹni tí kò lè bá a lọ a máa fún gààrí rẹ̀, a máa se oúnjẹ ọmọ. Nígbà tí irun rẹ̀ re, a kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a lábàá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n ń wé gèlè lọ sí ibi iṣẹ́ gààrí, nínú ooru yẹn! Ọkọ rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Omi gbígbóná ni ó ń gbé sí ẹ̀yìnkùlé fún un ní àràárọ̀, obìnrin náà sì sọ fún wa pé omi yẹn ni ó jẹ́ kí òun mọ̀ pé òun ṣì jẹ́ ìyàwó nínú ilé.

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ sọ ìtàn Àgátà Mímọ́ fún un, ẹni tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ nígbà inúnibíni ìjọba Róòmù, tí a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kejì. Ó dákẹ́ títí, ó ní: “Èmi nìkan kọ́ nígbà náà.” Òótọ́ ni. Ní òpin ọdún 2020, mílíọ̀nù 7.8 obìnrin ni ó wà láàyè lẹ́yìn tí a ti rí àrùn yìí lára wọn láàárín ọdún márùn-ún.

Ohun tí ó kù ni ti aṣọ. Kọ́mú rẹ̀ ń fì sí apá kan. Aránṣọ abúlé rán àpò kékeré, ó ki òwú sí i, ṣùgbọ́n òwú fúyẹ́, ó ń gun òkè lọ sí ọrùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ẹ̀kúnwọ́ ọkà bàbà mọ́ òwú náà, ó sì jókòó.

Ó ti padà sí ibi iṣẹ́ gààrí báyìí. Ó ń lo oògùn oníhóró tí wọ́n ní kí ó máa lò fún ọdún márùn-ún, ó sì ń lọ fi ara han dókítà. Nígbà tí a bẹ̀ ẹ́ wò, ó ń bá ọmọbìnrin kan tí ó ń fún ọmọ lọ́mú sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó fi sí àyà ara rẹ̀ níbi àpá náà, ó ní: “Ìyàwó, fọwọ́ kàn án. Ó rí bí èkùrọ́, kò sì dùn mí.”