Bí Èèpo Ẹ̀gẹ́ Ṣe Di Oúnjẹ Abo Màlúù

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn dé ilé ẹ̀rọ gàrí kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìbáà jẹ́ ní Òwu lábẹ́ Olúmọ, ìbáà jẹ́ ní àwọn abúlé Ọ̀dẹ̀dá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé, kí ó má bá òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Nígbà òjò, òkìtì náà a máa rà, òórùn rẹ̀ a gba àdúgbò kan, omi kíkan inú rẹ̀ a sì máa ṣàn lọ bá odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ẹlòmíràn a ti iná bọ̀ ọ́, èéfín a bo ilé, a bo ọ̀nà. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn yìí kan náà ni koríko ń gbẹ lórí pápá, tí abo màlúù àwọn Fúlàní tí ń gbé àárín wa ń rù kan egungun, tí wàrà sì ń gbẹ lọ́mú rẹ̀. Bí ohun tí a ń dànù níhìn-ín ṣe di ohun tí ó lè gba ẹni tí ebi ń pa lọ́hùn-ún ni mo fẹ́ rò.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé e wá láti Bràsíìlì sí etí òkun wa. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, tí àwọn Òwu ọmọ Ajíbósìn, tí ogun ti fọ́ ìlú wọn, sì wá bá wọn níbẹ̀ ní 1834, gàrí kò tíì di oúnjẹ gbogbo ayé. Àwọn ọmọ wa tí a ti kó lẹ́rú, tí wọ́n padà wálé láti Bràsíìlì àti Sàró, ni wọ́n tan ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ kálẹ̀, tí a sì fi láfún àti fùfú kún un títí ẹ̀gẹ́ fi di olórí oko. Ní 2002, Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, tí ó wà lórí àléfà gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ, gbé ètò kan kalẹ̀ láti mú kí ẹ̀gẹ́ pọ̀ sí i. Lónìí, Nàìjíríà ń wú ju 50 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí ó tó o. Nínú tọ́ọ̀nù márùn-ún ẹ̀gẹ́, bí tọ́ọ̀nù kan ni èèpo. Nítorí náà, bí oko ti ń gbòòrò ni òkìtì ń ga.

Ta ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé oúnjẹ ni èèpo yìí? Àwọn ìyá wa ni, àwọn tí wọ́n ń jókòó ti agbọ̀n ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí wọ́n ń sá èèpo sórí àpáta fún ewúrẹ́ àti àgùntàn wọn. Wọ́n mọ̀ pé oró wà nínú èèpo tútù, pàápàá ti ẹ̀gẹ́ kíkorò, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé sáyánáìdì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é; wọ́n sì mọ̀ pé oòrùn ń dín in kù.

Oòrùn yìí gan-an ni ìṣòro. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni èèpo ń gbà kí ó tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà òjò a sì bu kí ó tó gbẹ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè: ní nǹkan bí 2015, àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n wà ní ọgbà IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ní Ìbàdàn, Iheanacho Okike pẹ̀lú wọn, kò wá ẹ̀rọ àjèjì kiri, wọ́n padà sí ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ gàrí ń gbà. Wọ́n rin èèpo bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n fi jáákì fún omi rẹ̀, wọ́n tú u, wọ́n kù ú, wọ́n sì sá a. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ó wá ń gbà kí ó gbẹ; bí òjò bá sì ṣú, a lè yan án nínú agbada. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ gbígbẹ. Èyí tí ó kúnná jẹ́ ti adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tí kò kúnná ni ti màlúù, nítorí ikùn alápò mẹ́rin tí Ẹlẹ́dàá fún un lè sọ ohun líle di agbára.

Agbára nìkan kọ́ ni wàrà ń fẹ́. Èròjà tí ń mú ara dàgbà kò pọ̀ nínú èèpo, nítorí náà a ní láti pò ó mọ́ pàǹtí ẹ̀kúrọ́ tí a ti fún òróró lára rẹ̀, tàbí eérí àgbàdo, ewé ẹ̀pà àti ewé àgúnmániyè. Abo màlúù ilẹ̀ wa, tí ó jẹ́ pé lítà kan sí méjì péré ni a sábà ń rí lára rẹ̀ lóòjọ́, yóò wá ní ohun tí yóò fi la ẹ̀ẹ̀rùn já. Láti 2010 ni ilé-iṣẹ́ wàrà FrieslandCampina WAMCO ti ń gba wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní agbègbè Ìsẹ́yìn, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wàrà tí a ń mu ń ti òkè òkun wá.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oníṣẹ́ gàrí ní èèpo, kò ní màlúù. Fúlàní ní màlúù, kò ní oko ẹ̀gẹ́. Yunifásítì Iṣẹ́ Ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988 sì ní àwọn tí wọ́n mọ ọ̀ràn méjèèjì. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi ohùn ṣọ̀kan, màlúù tí ó yó sílé kò ní wá oko olóko lọ, ìjà tí ó ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran yóò sì rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ni mo fi ń bẹ àwọn aláṣẹ. Nígbà tí èèpo jẹ́ ìdọ̀tí, àwọn obìnrin ni wọ́n ń fi orí rù ú lọ sí ààtàn. Nísinsìnyí tí ó ti ń di owó, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ àti àpò owó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ gàrí ní ẹ̀rọ tiwọn, kí àwọn náà dá iye lé ọjà wọn, nítorí ọgbọ́n ọwọ́ wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, èrè rẹ̀ sì tọ́ sí wọn.